Mo Kọ Ìgbín Sílẹ̀, Mo Gbé Jíìpù Ìyàwó Mi Lọ Sílé Dígí

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá rí mẹkáníìkì tí ẹ̀wù rẹ̀ funfun báláú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ni ẹ máa sọ nípa rẹ̀? Ẹ rò ó dáadáa. Ẹ má kánjú.

Èmi kánjú. Mo ní, "Ẹ wo ọ̀jáfáfá ènìyàn!"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Gbogbo ẹni tó gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá ló mọ gbólóhùn kan tí n kì í yé sọ: "Iṣẹ́ dà?" Bí ọmọ bá kọ èsì tó tọ̀nà, tí kò fi ọ̀nà tó gbà débẹ̀ hàn mí, òdo ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, bí kò bá jẹ́ òpè, olè ni. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, a ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Jíìpù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Ti ìyàwó mi ni, bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára sẹ́yìn jíìpù yìí, tí á wà á gun òkè lọ sí abúlé mẹ́ta kan. Àpáta wà lápá kan ọ̀nà náà, ọ̀gbun wà lápá kejì, ẹrẹ̀ ló wà láàárín. Ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà nìkan ló lè gùn ún.

Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí òsì, a gbé e lọ bá Ìgbín.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nínú kíláàsì mi, òun ló sì máa ń parí iṣẹ́ kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan mo dúró lé e lórí, mo ní, "Ìgbín, ṣé kí a lọ jẹun kí a tó padà wá bá ọ ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lára títí dòní. Ohun tí n kò sọ fún kíláàsì lọ́jọ́ náà ni pé iṣẹ́ ọmọbìnrin yìí kì í ní àṣìṣe.

Ó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ jíìpù, ó sì kọ orúkọ náà gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù onípáànù lásán ni. Ṣùgbọ́n gbogbo sípánà ibẹ̀ ló ní ìṣó tirẹ̀ lára ògiri, ó sì fi ọ̀dà ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan síbi tó ń gbé, kí èyí tó bá sọnù lè hàn. Àṣà kan tún wà tí kì í yẹ̀: gbogbo irin tó bá yọ kúrò lára ọkọ̀ rẹ, inú àpò ni yóò kó o sí, á gbé e lé ọ lọ́wọ́. "Ohun tó ti ara yín jáde, ẹ̀yin lẹ ni ín." Inú mi kì í dùn sí àpò yẹn. Ó máa ń ba ilẹ̀ pálọ̀ mi jẹ́.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀, ó wọlé, ó sì pè mí.

"Ẹ wọlé wá, sà. Ẹ na ọwọ́ yín síbí, ẹ máa fi ìka kàn án."

Mo wo páálí náà. Epo dúdú ti mu ún yó. Aṣọ funfun ni mo wọ̀. Mo tẹ̀ ba díẹ̀, mo yọjú bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́.

"Mo ti rí i," mo ní.

N kò rí nǹkan kan.

"Ṣáàsì ló là, sà, níbi tí sípíríngì ẹ̀yìn ti dì í mú lápá òsì."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Ṣáàsì ni irin gígùn méjì tó wà lábẹ́ ọkọ̀, tí ẹ́ńjìnnì, àga, àti ẹ̀yin alára jókòó lé. Egungun ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Bí ó bá là, gbogbo ìyókù ń tan ara wọn jẹ ni.

"A máa tú ara ọkọ̀ kúrò lórí ẹ̀, sà. A máa ha ìpẹtà, a máa jó o, a máa fi irin mìíràn dì í. Gíà náà ti jẹ, a máa tú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá! Ṣé ilé lo fẹ́ kọ́ ni?"

"Egungun ni, sà. Wọn kì í kánjú to egungun."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ṣe é bó ṣe yẹ, ọmọ mi. Màá máa gun alùpùpù dé ìsàlẹ̀ òkè, màá fi ẹsẹ̀ rin ìyókù."

Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún gbà láti fi ẹsẹ̀ gun òkè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, nítorí ó fọkàn tán ẹni tó ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fún mi: kí n gbé ọkọ̀ náà lọ fún Ìgbín lọ́jọ́ Ajé.

Mo gbé e jáde lọ́jọ́ Ajé lóòótọ́. Àmọ́ ní oríta, aládùúgbò mi kan, awọ̀nlẹ̀ ni, dúró tì mí nínú jíìpù tirẹ̀. Ọkọ̀ náà ga bí ilé alájà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń nawọ́ sí i. Ó wo ọkọ̀ wa láti òkè wá sílẹ̀, bí ẹni tó ń wo adìẹ tí òjò pa.

"Tíṣà, ẹ tún fẹ́ gbé e lọ fún obìnrin onípáálí yẹn? Ẹ lọ bá Dókítà Jíìpù, jàre! Ẹ jẹ́ kí ojú yín là."

Ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Àgbàlagbà bíi tèmi, nítorí ojú àwọn ọmọ kéékèèké, mo yí ọkọ̀ padà.

Ilé dígí ni Dókítà Jíìpù ń gbé ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán débi pé mo rí irun imú mi nínú rẹ̀. Wọ́n fún mi ní kọfí. Tẹlifíṣàn ńlá kan ń fi àwọn jíìpù tó ń gun òkè hàn, tí wọ́n ń fò láti orí àpáta kan sí èkejì bí ewúrẹ́. Ọkùnrin náà jáde sí mi nínú ẹ̀wù funfun gígùn, ó fi nǹkan tí àwọn dókítà fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn. N kò purọ́ fún yín. Ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di ojú.

"Ó ń jìyà," ó ní.

"Ta ni?"

"Ọkọ̀ yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

N kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. N kò sì sọ fún un pé n kì í ṣe é. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ, oyè ló máa kọ́kọ́ fún yín.

"Wọ́n ní ṣáàsì rẹ̀ là," mo sọ.

"Ta ní bẹ́ẹ̀?"

"Obìnrin kan báyìí. Ìgbín ni wọ́n ń pè é." Mo wá sọ ìtàn orúkọ náà fún un, èmi àti ẹnu mi yìí. Mo tilẹ̀ fara ṣàpèjúwe bó ṣe máa ń tẹ orí ba ìwé. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí mi láṣọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni mo fi ṣe ẹ̀sín, nínú yàrá ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìdí ọkọ̀. Nítorí kò bẹ̀rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, orúnkún rẹ̀ kò ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀kan.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án," ó ní. "Màá gbé e ga dé ibí." Ó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀. "Táyà ńlá. Iná mẹ́fà lórí. Níwájú, ẹ̀rọ tó ń fi wáyà fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀."

"Ṣáàsì náà ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ìyẹn kéré."

"Ṣé mo lè máa wá wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é?"

Ó nawọ́ sí ìlà pupa kan tí wọ́n fà sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Oníbàárà kì í kọjá ìlà yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Nítorí ààbò yín ni."

"Àwọn irin tí ẹ bá yọ ńkọ́? Ìgbín máa ń kó o fún wa."

Ó wò mí bí ẹni tó béèrè fún egungun lẹ́yìn oúnjẹ. "Kí lẹ fẹ́ fi pàǹtí ṣe?"

Ojú tì mí. "Mo kàn béèrè ni," mo ní. Mo fọwọ́ sí ìwé tó gbé síwájú mi. N kò kà á. Èmi tí mo ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní òdo!

Nílé, ìyàwó mi béèrè pé, "Bàbá wọn, ṣé Ìgbín ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Irọ́ dà bí àṣìṣe ní ìlà kìíní ìṣirò: gbogbo ìlà tó bá tẹ̀lé e ló máa jogún rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo wa jíìpù wọ àgbàlá wa. Ó dúdú, ó ń dán, ó ga. Ìyàwó mi yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìgbín? Ọjọ́ mẹ́sàn-án?"

"Nítorí tìẹ ló ṣe yára."

"Gíga yìí ńkọ́? Ṣé kí n máa gbé àpótí ìtìsẹ̀ dání ni?"

"Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Àpò irin wa dà?"

"Ó gbàgbé."

Ìgbín kì í gbàgbé, èmi àti ìyàwó mi la jọ mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ni mí, ó gbà mí gbọ́. Èmi ní tèmi, mo dúró ti ọkọ̀ náà, mo ya fọ́tò, mo sì gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Ẹ ò rí òmùgọ̀?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, ó padà dé, ó ní ọkọ̀ ń dún "kọ̀-ùn, kọ̀-ùn" bí òun bá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó má dà á láàmú, èmi á bá Ìgbín sọ ọ́. Ilé dígí ni mo lọ. Dókítà kò tilẹ̀ dìde.

"Ara tuntun ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ń mọ ara wọn lára."

Mo délé, mo ní, "Ìgbín ní kò séwu." Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe irọ́ lásán mọ́. Mo ti ń fi orúkọ ẹni tó mọ iṣẹ́ bo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì, ó pẹ́ kó tó dé. Ẹrẹ̀ dé e ní ìgbáròkó. Ó jókòó sórí àga pálọ̀, kò bọ́ bàtà.

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ yọ̀ lọ sẹ́bàá ọ̀gbun," ó ní. "Táyà kan wà lójú òfurufú, bàbá wọn. Mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ ìfà yẹn, kò mira. Àwọn ará abúlé ló fi okùn fà mí. Gbogbo oògùn inú kúlà ló fọ́."

Ibí ni ó yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ẹnu mi là. Ohun tó jáde nìyí: "Bóyá o ò tẹ bọ́tìnnì yẹn dáadáa."

Ó tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹta ni àṣírí tú. Mo tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn láàárọ̀ láti bá a gbé kúlà. Àwọn ìyá ọmọ jókòó kún bẹ́ǹṣì. Ta ni ó ń jáde bọ̀ láti yàrá ìtọ́jú egbò? Ìgbín ni. Irin ló gé e lọ́wọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi báńdéèjì dì í ni.

Ìyàwó mi na apá sí i. "Ọmọ mi! O ṣeun o, o yára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ṣì ń dún, ó sì fẹ́ pa mí lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ìgbín wo jíìpù náà láti orí iná mẹ́fà dé táyà. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó dúró. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dúró: ó fún mi láyè láti sọ ọ́ fúnra mi, bó ṣe yẹ kí n máa fún òun náà láyè nínú kíláàsì nígbà náà.

Kúlà wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e láti ọwọ́ kan sí èkejì.

"Mà," ó ní jẹ́jẹ́, "mi ò fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí láti ọjọ́ tí ẹ jọ gbé e wá."

"Bàbá wọn?"

Ẹ fọkàn bá mi lọ o, nítorí èyí ló burú jù. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìgbín, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ẹ, o ti gbàgbé ni."

Kò bá mi jà. Ó fa páálí oògùn kan ya, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ọkọ̀, ó sì wọlé tòun ti báńdéèjì lọ́wọ́. A gbọ́ ọ tó ń fi sípánà kan irin: kọ́, kọ́, kọ́. Lẹ́yìn náà, ìró náà yí padà: pọ̀, pọ̀.

"Mà, ẹ wọlé wá gbọ́ èyí."

Ìyàwó mi wà nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, funfun báláú. Kò wo aṣọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó rákò wọ abẹ́ ọkọ̀ bí ọmọdé. Ohun tí èmi kò lè ṣe nìyẹn.

Ohùn Ìgbín: "Ẹ fi èékánná ha ibẹ̀ yẹn, mà."

Nǹkan kan já bọ́. Pọ́tì ni, ohun tí wọ́n fi ń di ojú ihò lára ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún. Ó gùn tó ọwọ́ ọmọdé, wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún lójú. Ibi tó ti já bọ́, ìka ìyàwó mi wọlé sínú ṣáàsì tán.

"Èwo wá ni èyí?" Ìyàwó mi ló ń béèrè.

"Irin tí wọ́n kì bọ abẹ́ sípíríngì kí ọkọ̀ lè ga ni, mà. Géètì ni wọ́n gé. Ẹ wo ọ̀dà géètì lára ẹ̀."

Ó tú ẹyọ kan síta pẹ̀lú jáàkì. Irin onígun mẹ́rin, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ṣì wà lápá kan rẹ̀, ààbọ̀ ìdè ilẹ̀kùn ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Géètì ilé ẹnì kan ni ìyàwó mi gùn lọ sórí òkè. Ìgbín ṣí ẹ̀rọ ìfà iwájú náà: páànù lásán, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ bí kò ṣe ilé agbọ́n.

Gbogbo bẹ́ǹṣì ti dìde. Ìyá ọmọ kan ní, "Yéè! Ọkọ ẹ̀ ni?"

Ìgbín fi aṣọ ìnuwọ́ nu ọwọ́ tó dára. Kò pariwo, kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi.

"Iṣẹ́ dà, sà?"

Mo gbé kúlà sílẹ̀. N kò lè gbé e mọ́.

Ìyàwó mi ní, "Ìgbà méjì. Ìgbà méjì ni mo gbé e gun òkè. O sì wà nílé, o ń wo fọ́tò."

Wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn fa jíìpù lọ sọ́dọ̀ Ìgbín. Ìyàwó mi mú pọ́tì náà, ó ní kí n fi ilé dígí han òun. Ó gbé e lé orí tábìlì Dókítà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí. Ó kọrí sí ìlà pupa.

"Mà, oníbàárà kì í kọjá…"

"Nọ́ọ̀sì ni mí, Dókítà. Mo fẹ́ wo yàrá iṣẹ́ abẹ yín."

Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà wọlé. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀yìn dígí yẹn, ilẹ̀ eléruku lásán ni. Jáàkì kan. Géètì àlòkù mẹ́rin tí wọ́n ti gé dé ìdajì. Garawa ọ̀dà dúdú tí ó tóbi tó agbada ìwẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí i," Dókítà ní. Ó na ìwé sí wa. Ìyàwó mi kà á sókè: ilé iṣẹ́ kò ní ẹ̀bi kankan bí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ náà gun òkè, gba inú ẹrẹ̀, tàbí gba orí òkúta.

"Jíìpù tí kò gbọdọ̀ gun òkè," ó ní. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, o káre."

A pè é lẹ́jọ́. Ó wọ ẹ̀wù funfun náà wá síwájú adájọ́. Adájọ́ bi í léèrè ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ìgbín kò kọ̀ láti tún ọkọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n ó ní nǹkan kan tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Gbogbo irin tó bá fẹ́ jó, gbogbo bóòtù tó bá fẹ́ dì, èmi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, kí n fi ọwọ́ kàn án, kí n sì sọ ohun tí mo fọwọ́ kàn. Ọ̀sẹ̀ méjìlá, nítorí ó ní láti tún ohun tí Dókítà bàjẹ́ ṣe kó tó dé orí èyí tó bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ lórí páálí, epo ń kán sí mi níwájú orí.

"Kí lẹ rí níbẹ̀, sà?"

"Ojú ìjórin."

"Ẹ ò tíì kàn án. Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ dé òpin."

Lọ́jọ́ kan lábẹ́ ibẹ̀, mo ní kó dárí jì mí nítorí orúkọ tí mo sọ ọ́. Ó ń di bóòtù lọ́wọ́, kò dúró.

"Ẹ ò rí i bí mo ṣe kọ ọ́ gàdàgbà, sà? Kí ẹ lè máa rí i tí ẹ bá ń kọjá ni. Ẹ wá ń kọjá lọ sílé dígí."

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò pọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ tú ọkọ̀ yín palẹ̀, tí kò jẹ́ kí ẹ fi ìka yín kan ibi tó bàjẹ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ máa lọ. Bó bá sì ní kí ẹ wọlé wá wò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Aṣọ ṣeé fọ̀.

Àpò irin wà ní pálọ̀ wa báyìí, mi ò gbọdọ̀ gbé e kúrò. Fọ́tò mi kò sí lára ògiri mọ́. Lórí ìṣó rẹ̀ ni ìyàwó mi gbé kọ́kọ́rọ́ jíìpù kọ́, ó sì fi wáyà so ó mọ́ irin géètì aláwọ̀ ewé yẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun ló ń gbé e. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú wáyà náà ní ìṣẹ́jú kan.

Kò tíì kọ́ mi. Bí mo bá fẹ́ wa ọkọ̀ náà lọ sí ibikíbi, mo ní láti gbé irin náà dání, kí n gbé e lé itan mi, kí n sì máa ṣàlàyé ohun tó jẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí. Ó wúwo.